Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ojú Kéèsì Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹ kú ooru o, ẹ̀yin èèyàn wa. Láti ìgbà tí oòrùn ti mú báyìí ni lẹ́tà yín ti ń rọ́ wọlé lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń gbóná, a ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ wọn jọra la mú lọ́tẹ̀ yìí, ti àkọ́kọ́ la sì máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù torí ohun tí ọ̀pọ̀ yín fẹ́ bi gan an ló bi.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni mo máa ń gé, n'Ìgbógbó la ń gbé, yàrá mi ò ní éésì, fáànù tó wà lókè àjà nìkan ni. Prósẹ́sọ̀ kọ̀ǹpútà mi (ọpọlọ ẹ̀) jẹ́ Ryzen 5 5600, graphics card ẹ̀ (èyí tó ń gbé àwòrán jáde) sì jẹ́ RTX 3060. Kéèsì (àpótí tí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sí) tó wà lára ẹ̀ báyìí, gíláàsì ni gbogbo iwájú ẹ̀. Tí mo bá ti ń kó fídíò jáde lọ́sàn-án, kò ní pẹ́ tó fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ariwo fáànù á gba gbogbo ilé, nígbà míì ó tiẹ̀ máa ń kú lójijì. Wọ́n ní kí n pààrọ̀ kéèsì. Owó tó wà lọ́wọ́ mi fún un ò ju ₦70,000 lọ. Mo ti rí méjì tí owó wọn súnmọ́ra. Ọ̀kan ní fáànù oníná mẹ́fà, gíláàsì níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rẹwà gan an. Ìkejì dúdú lásán, ojú ẹ̀ jẹ́ nẹ́ẹ̀tì irin, fáànù méjì péré ló wà ńbẹ̀. Mẹ́fà ṣáà ju méjì lọ, àbí? Èwo ni kí n rà?
Ọmọ Ìgbógbó, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ra èyí tó ní nẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ pé iná yẹn wù ẹ́, kò sì sí ohun tó burú nínú kéèèyàn fẹ́ ohun tó rẹwà, ṣùgbọ́n fáànù mẹ́fà tí ò rí afẹ́fẹ́ fà, ariwo lásán ló máa pa fún ẹ.

Wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpótí yẹn. Ryzen 5 5600 tó o ní yìí, tó bá ń ṣiṣẹ́ dé ojú àmì, ó lè máa jẹ tó wáàtì 76. RTX 3060 lè máa jẹ 170. Mi ò tíì ka mọ́dàbọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́) àti dísíìkì mọ́ ọn o, àpapọ̀ ẹ̀ ti súnmọ́ 250. Gbogbo iná yẹn, ooru ló ń dà, kò ní ibòmíì tó ń lọ. Tó o bá mú áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1000, tó o wá rí i bíi pé ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ẹ̀ ló wà lórí iná nínú àpótí kékeré fún wákàtí méjì gbáko, ohun tí ò ń ṣe fún kọ̀ǹpútà ẹ nìyẹn ní gbogbo ìgbà tó o bá ń kó fídíò jáde. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ooru náà fi lè kúrò ni kí afẹ́fẹ́ tó tutù wọlé níwájú, kó fẹ́ kọjá lára ohun tó ń gbóná, kó gba ẹ̀yìn jáde. Tí gíláàsì bá wá dí iwájú pa, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan ni afẹ́fẹ́ á máa yọ́ gbà, fáànù iwájú á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ooru tó ti wà nínú kéèsì tẹ́lẹ̀, á máa yí i ká sójú kan.

Ibi tí tiwa wá le sí ni ooru ilé wa. Àwọn tó ń dán kéèsì wò lókè òkun, yàrá tí wọ́n ti ń ṣe é sábà máa ń wà ní bíi 20 sí 23 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Yàrá tó wà lábẹ́ páànù n'Ìkòròdú lọ́sàn-án oṣù kẹta, tí ò sí éésì, ó lè lọ sí 33 tàbí 34 láìsí wàhálà kankan. Bí ooru yàrá bá sì ṣe fi lé, bẹ́ẹ̀ náà ni ti prósẹ́sọ̀ ṣe máa fi lé, iye kan náà ni tàbí kó súnmọ́ ọn. Kéèsì tí wọ́n ní prósẹ́sọ̀ inú ẹ̀ wà ní 78 lọ́dọ̀ wọn, 89 lo máa bá a lọ́dọ̀ tìẹ. Tó o bá sì mọ̀ pé 90 ni AMD kọ sílẹ̀ pé Ryzen 5 5600 ò gbọdọ̀ kọjá, wàá rí i pé kò sí àyè fún eré mọ́. RTX 3060 ní tiẹ̀, 93 ni NVIDIA kọ fún un. Tó bá ti ń súnmọ́ ibẹ̀, á dín iṣẹ́ kù fúnra ẹ̀ kó má baà jóná, ìdí nìyẹn tí fídíò fi máa ń pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ lọ́sàn-án, tó bá wá di òru tí afẹ́fẹ́ tutù díẹ̀, á yá padà. Kò sì sí fáànù kankan láyé tó lè jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tutù ju yàrá tó wà nínú ẹ̀ lọ, nítorí náà ohun tá à ń wá ni kí inú kéèsì má fi bẹ́ẹ̀ gbóná ju yàrá lọ.

Kó o tó ná kọ́bọ̀ kan, dán èyí wò ná. Wa HWiNFO sórí kọ̀ǹpútà ẹ, ọ̀fẹ́ ni, á máa fi ooru prósẹ́sọ̀ àti ti graphics card hàn ẹ́. Kó fídíò kan jáde fún nǹkan bí i ogún ìṣẹ́jú, kọ iye tó ga jù lọ sílẹ̀. Jẹ́ kó sinmi, kó tutù dáadáa. Lẹ́yìn náà, yọ gíláàsì iwájú yẹn, ọ̀pọ̀ ni kò ní síkúrù, tó o bá ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀ tó o fà á díẹ̀díẹ̀ á já kúrò lára àwọn rọ́bà tó dì í mú, ṣùgbọ́n máa wo wáyà iná tó bá so mọ́ ọn kó o má fà á já. Fídíò kan náà ni kó o tún kó jáde o, nírú àsìkò kan náà lóòjọ́, má fi ti ọ̀sán wé ti òru. Tó bá já wálẹ̀ bíi 8, bíi 10, gíláàsì yẹn ló ń fún un lọ́rùn. Tí ò bá yí padà rárá, á jẹ́ pé kì í ṣe ẹjọ́ kéèsì, ó lè jẹ́ thermal paste (ọ̀rá tó wà láàárín prósẹ́sọ̀ àti cooler) ló ti gbẹ, ó lè jẹ́ pé cooler, ìyẹn irin àti fáànù tó ń mú prósẹ́sọ̀ tutù, ò jókòó dáadáa, tàbí kí eruku ti di àárín irin wẹ́wẹ́ ara ẹ̀ pa. Ká ní o lọ ra kéèsì tuntun láìyẹ èyí wò, owó ẹ ti gbé nìyẹn.

Tó bá wá jẹ́ pé gíláàsì ni lóòótọ́, tí owó ò sì tíì pé, o lè yọ ọ́ sílẹ̀ pátápátá kó o fi nẹ́ẹ̀tì wíńdò lẹ̀ ẹ́ níwájú, kó o gé e kó ṣe déédéé, kó o fi gọ́ọ̀mù tàbí téèpù olójú méjì mú un. Kò ní lẹ́wà, ṣùgbọ́n á ṣiṣẹ́. Má kàn fi í sílẹ̀ gbayawu bẹ́ẹ̀ torí ọmọńlé àti aáyán fẹ́ràn ibi tó bá móoru, mọ́dàbọ́ọ̀dù tí ọmọńlé kú sórí ẹ̀ kì í ṣe ohun téèyàn fẹ́ rí.

Ọ̀rọ̀ pé ó máa ń kú lójijì yẹn, mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ wò ó. Kọ̀ǹpútà tí ooru ń yọ lẹ́nu sábà máa ń kọ́kọ́ falẹ̀ ná, ó máa ń pẹ́ kó tó pa ara ẹ̀. Èyí tó bá kú bàì bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ, power supply, ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀yà, ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Ìdí tí mo fi ń sọ báyìí ni pé àwọn kéèsì olówó pọ́ọ́kú kan wà tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ power supply, wọ́n á kọ 500W tàbí 600W gàdàgbà sára ẹ̀, tó o bá gbé e lọ́wọ́ kò wúwo rárá. Má fi irú ẹ̀ gbé RTX 3060. Jọ̀ọ́. Tí èyí tó wà lára tìẹ báyìí bá jẹ́ irú èyí tó bá kéèsì wá, òun ni kó o kọ́kọ́ fi owó yẹn pààrọ̀, kéèsì á dúró dìgbà míì. Ooru lè sọ kọ̀ǹpútà di olójú ọ̀lẹ, power supply burúkú lè ba gbogbo ohun tó o rà jẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ó ku bó o ṣe máa wo kéèsì náà tó o bá dé ṣọ́ọ̀bù, yálà Sábọ̀ lo ti fẹ́ rà á ni o àbí Computer Village n'Ìkẹjà. Tan tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹ sí ojú nẹ́ẹ̀tì yẹn. Tó o bá rí fáànù lẹ́yìn ẹ̀, tí iná tọ́ọ̀ṣì sì wọlé dé inú, ó dáa. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n kàn fi nẹ́ẹ̀tì bo rọ́bà tó dí pa, tó o bá wò ó lókèèrè wàá rò pé afẹ́fẹ́ ń wọlé, tọ́ọ̀ṣì ló máa tú u fó. Wò ó bóyá fílítà eruku wà níwájú àti nísàlẹ̀, kó sì jẹ́ èyí téèyàn lè fà yọ láìtú gbogbo kéèsì, torí tí yíyọ ẹ̀ bá ti le, o ò ní fọ̀ ọ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mú téèpù dání, wọn graphics card ẹ láti orí dé ìdí, àwọn RTX 3060 onífáànù mẹ́ta kan máa ń gùn tó mìlímítà 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bi wọ́n léèrè iye tí kéèsì náà gbà. Cooler tó ń bá Ryzen 5 5600 wá kúrú, kò séwu lórí ẹ̀, àmọ́ tó o bá ń rò ó pé lọ́jọ́ iwájú wàá ra èyí tó ga, ọ̀pọ̀ wọn ga tó mìlímítà 155 sí 160, kéèsì tó gbà tó 160 ni kó o wá. Bó bá jẹ́ pé Micro-ATX ni mọ́dàbọ́ọ̀dù ẹ, ìyẹn èyí tó jẹ́ mìlímítà 244 sí 244, kéèsì kékeré tó ṣe wẹ́kú ẹ̀ á gbà á, owó ẹ̀ sì máa ń wálẹ̀. ATX tó jẹ́ 305 sí 244 ò ní wọ inú irú ẹ̀ láéláé, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé wọ́n á bá ẹ ṣe é.

Ti orúkọ, àwọn tó o lè bá pàdé ni Deepcool CC560, fáànù mẹ́rin ló ń bá a wá láti ilé iṣẹ́, iwájú ẹ̀ sì ń mí. Montech Air 903 Base ní mẹ́ta tó jẹ́ mìlímítà 140, èyí tó tóbi báyẹn lè rọra yí kó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀, ariwo ẹ̀ á mọ níwọ̀n. Cooler Master Q300L kéré, fún Micro-ATX ni, fáànù kan ṣoṣo ló máa ń bá a wá, nítorí náà fi owó fáànù kún un tó o bá ń ṣírò. Tó o bá rí Corsair 4000D tókùnbọ̀ ní owó tó rọ̀, ka orúkọ ẹ̀ parí: èyí tí wọ́n kọ Airflow sí ló ní ojú tó ń gba afẹ́fẹ́, ìkejì ẹ̀ tí ò ní Airflow lórúkọ, irin pẹlẹbẹ ló dí iwájú ẹ̀. Kéèsì kan náà ni wọ́n jọ lójú, ooru wọn ò jọra.

Àwọn fáànù oníná mẹ́fà yẹn ńkọ́? Wo ẹnu wáyà wọn. Nínú ọ̀pọ̀ kéèsì olówó pọ́ọ́kú, ẹnu wáyà fáànù máa ń jẹ́ irú kan tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìkan, inú bọ́ọ̀dù kékeré kan tó bá kéèsì wá ló ń wọ̀, kò ní wọ mọ́dàbọ́ọ̀dù ẹ. Mọ́dàbọ́ọ̀dù ò sì ní lè sọ fún un pé yí kíákíá tàbí rọra yí. Tí ọ̀kan bá wá kú lára ẹ̀, o ò ní rí irú ẹ̀ rà níta, tí bọ́ọ̀dù kékeré yẹn bá kú, gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dákẹ́ nìyẹn. Fáànù tó dáa ni èyí tí ẹnu ẹ̀ ní ihò mẹ́rin, kó o kì í bọ mọ́dàbọ́ọ̀dù tààrà, kó o wọ BIOS (ojú ètò mọ́dàbọ́ọ̀dù) lọ ṣètò ẹ̀ pé kó rọra yí tí kò bá síṣẹ́, kó sì ki eré mọ́lẹ̀ tí ooru bá kọjá 70. Oníhò mẹ́ta náà ò burú, ọ̀pọ̀ mọ́dàbọ́ọ̀dù lè darí òun náà. Arctic P12 PWM wà lára àwọn tí owó wọn kò ga tó sì ń ṣiṣẹ́ bí akin, ó lè yí tó ìgbà 1800 níṣẹ́jú kan, wọ́n sì ṣe é kó lè fa afẹ́fẹ́ gba inú nẹ́ẹ̀tì àti fílítà kọjá láìrẹ̀ ẹ́.

Bó o ṣe máa tò ó: tó bá jẹ́ méjì péré lo ní, kí ọ̀kan máa fà wọlé níwájú, kí ìkejì máa tì jáde lẹ́yìn. Tó o bá rí owó ra ẹ̀kẹta, iwájú náà ni kó lọ. Méjì wọlé, ọ̀kan jáde, mi ò tíì rí ètò tó sàn ju ìyẹn lọ fún irú kọ̀ǹpútà tìẹ, torí tí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé bá ju èyí tó ń jáde lọ, ibi tí fílítà wà ni eruku á ti máa gbìyànjú àtiwọlé, kò ní máa gba gbogbo ihò wọlé. Òkè kéèsì, fi í sílẹ̀ ná. Tó bá di dandan kó o fi ọ̀kan síbẹ̀, apá ẹ̀yìn ni kó wà, lókè cooler gan an, má fi í sápá iwájú, afẹ́fẹ́ tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló máa fà jáde kó tó ṣe iṣẹ́ kankan.

Kó o tó ti síkúrù, mọ ojú fáànù yàtọ̀ sí ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ̀yìn ni ibi tí ọwọ́ rọ́bà mẹ́rin tàbí mẹ́ta ti na jáde láti etí, tó di àárín mú, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ojú ẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, tó o ti ń rí gbogbo bíléèdì, ibẹ̀ ló ti ń fà. Tí ò bá dá ẹ lójú, já tíṣù tín-ín-rín kan, mú un sí iwájú nẹ́ẹ̀tì nígbà tí kọ̀ǹpútà bá wà lórí iná. Tó bá lẹ̀ mọ́ nẹ́ẹ̀tì, ó ń fà wọlé. Ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà, kí tíṣù yẹn máa fò sẹ́yìn sí ọ̀dọ̀ ẹ. Mo ti rí kọ̀ǹpútà tí gbogbo fáànù ẹ̀ ń tì jáde, kò sí èyí tó ń fà wọlé, ẹni tó tò ó sì gbowó lọ.

Tó bá jẹ́ Ìkẹjà lo ti rà á, tó jẹ́ pé BRT tàbí dáńfó ló máa gbé ẹ wálé, ní kí wọ́n yọ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó o fi aṣọ wé e lọ́tọ̀. Irú gíláàsì yẹn le ní àárín, ṣùgbọ́n tí igun ẹ̀ bá fi kan táìsì báyìí, á fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó o bá délé, orí aṣọ tàbí bẹ́ẹ̀dì ni kó o gbé e lé, má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni mo ní ní Ẹ̀pẹ́, Dell OptiPlex tókùnbọ̀ mẹ́ta ni mò ń lò, inú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ tábìlì ni mo kó wọn sí kí wọ́n má baà jí wọn. Wọ́n ń gbóná, wọ́n ń kùn. Ọmọkùnrin tó máa ń bá mi tún wọn ṣe ní kí n ra kéèsì tuntun tó ní fáànù púpọ̀ kó bá mi kó wọn síbẹ̀. Ṣé kí n fún un lówó?
Ìyá Oníbísínẹ́ẹ̀sì, Ẹ̀pẹ́

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ mà, Ọlọ́run á máa bùkún ọjà yín. Ẹ má tíì fún un lówó mà. Mọ́dàbọ́ọ̀dù OptiPlex, ìwọ̀n tí Dell fẹ́ ni Dell fi ṣe é, ihò síkúrù ẹ̀ àti ẹnu wáyà bọ́tìnì tó ń tan án sábà máa ń yàtọ̀ sí ti kéèsì tí wọ́n ń tà lọ́jà, power supply ẹ̀ náà ní ẹnu tiẹ̀ lọ́tọ̀. Kéèsì tuntun ò ní gbà á láìjẹ́ pé wọ́n gé ibí, wọ́n lẹ tọ̀hún, ìgbẹ̀yìn ẹ̀ kì í dáa.

Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ló ń pa wọ́n mà. Atẹ́gùn gbígbóná tí wọ́n ń tú jáde lẹ́yìn, inú kọ́bọ́ọ̀dù náà ló ń wà, òun náà ni wọ́n tún ń fà padà. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà gé ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù kúrò pátápátá, kó sì fi irin tàbí nẹ́ẹ̀tì líle sí iwájú ẹ̀ dípò pákó, kọ́kọ́rọ́ yín á ṣì máa ṣiṣẹ́. Tí ẹ̀rù olè bá ṣì ń bà yín, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe àgánrándì kékeré fún wọn, tí ẹ bá fún un ní ìwọ̀n á ṣe é. Kí àlàfo tó tó ìbú ọwọ́ wà lẹ́yìn kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ gbé wọn kúrò lórí ilẹ̀ náà, kó ga díẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ni eruku tí ẹsẹ̀ oníbàárà ń kó wọlé máa ń pọ̀ sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kó tú wọn, kó fọn eruku inú ẹ̀ jáde níta ṣọ́ọ̀bù, kó nu thermal paste tó ti gbẹ kúrò lára prósẹ́sọ̀ kó fi tuntun sí i. Kó fi ìka di fáànù mú nígbà tó bá ń fọn ọ́n, kó má jẹ́ kí búlówà máa yí i ní ìyíkúyìí, ó ń ba ìdí ẹ̀ jẹ́. Iṣẹ́ ọjọ́ kan nìyẹn fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó ẹ̀ ò lè tó ti kéèsì kan.

ÌBÉÈRÈ: Àjárá ni mo ń gbé ní Àgbádárìgì, mo ti fẹ̀yìn tì, eré kọ̀ǹpútà ni mo fi ń gbádùn ara mi. Ẹ̀yìn kéèsì mi ti ń dípẹtà láàárín ọdún méjì, àwọn síkúrù ẹ̀ náà ti pọ́n. Ṣé afẹ́fẹ́ òkun ni? Kéèsì onínẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa ń yìn yẹn, ṣé kò ní jẹ́ kí iyọ̀ túbọ̀ wọlé?
Bàbá Àjárá, Àgbádárìgì

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìsinmi sà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni sà, ibi tí òkun àti ọ̀sà bá ti súnmọ́, iyọ̀ àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ irin, ẹ̀yin náà ń rí i lára páànù àti ìlẹ̀kùn gééètì. Fílítà eruku ò lè dá iyọ̀ dúró, iyọ̀ náà kéré jù fún un. Àmọ́ kéèsì tó dí pa náà ò lè dá a dúró, ooru ni ẹ kàn máa fi kún un, nítorí náà nẹ́ẹ̀tì ni mo ṣì ń bá yín fọwọ́ sí.

Ohun tí ẹ máa wò ni irin tí wọ́n fi ṣe é. Àwọn ilé iṣẹ́ míì máa ń kọ ọ́ sí ara páálí: SECC jẹ́ irin tí wọ́n ti fi síǹkì bò, SPCC jẹ́ irin lásán tó jẹ́ pé ọ̀dà nìkan ló ń dáàbò bò ó. SECC ni kẹ́ ẹ wá. Èyí tó bá sì jẹ́ ọ̀dà nìkan, ẹ yẹ gbogbo etí àti ihò síkúrù ẹ̀ wò, ibi tí ọ̀dà bá ti họ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ lè fi ọ̀dà èékánná kékeré bo ojú ibẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ má gbé kọ̀ǹpútà sí ẹ̀gbẹ́ wíńdò tó kọjú sí òkun. Ẹ máa tàn án lóòrèkóòrè, bí ẹ ò tiẹ̀ ráyè ṣeré, torí ooru ara ẹ̀ máa ń lé ọ̀rinrin lọ, èyí tí wọ́n pa tì fún oṣù mẹ́ta ló máa ń tètè bàjẹ́. Tí ẹ bá ń rìnrìn àjò, ẹ yọ ọ́ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ sì fi aṣọ bò ó, ẹ má fi nylon wé e, ọ̀rinrin á há sínú.

ÌBÉÈRÈ: Inverter la fi ń gbé ilé wa, bàbá mi ní tí mo bá fi fáànù mẹ́ta kún kọ̀ǹpútà mi, bátìrì á tètè tán. Ṣé lóòótọ́ ni? Ẹ̀ẹ̀kejì, ní àsìkò ọyẹ́, ìgbà wo ni kí n máa fọ fílítà?
Ọmọ Agric, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Sọ fún bàbá pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Fáànù kéèsì kan tó jẹ́ mìlímítà 120 sábà máa ń jẹ bíi wáàtì 2 sí 3, mẹ́ta pọ̀ ò ju gílóòbù kékeré kan lọ. Ohun tó ń jẹ bátìrì nínú kọ̀ǹpútà ẹ ni graphics card. Tó o bá fẹ́ bá wọn dín in kù, ti iye àwòrán tí eré ń fi hàn níṣẹ́jú àáyá kan mọ́ 60, wàá rí i pé wáàtì á wálẹ̀, ooru náà á wálẹ̀.

Fílítà, ní àsìkò ọyẹ́, pàápàá tí títì iwájú ilé yín bá jẹ́ yẹ̀pẹ̀, máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tan tọ́ọ̀ṣì sí i, tí o ò bá rí fáànù lẹ́yìn ẹ̀ mọ́, ó ti tó fọ̀. Omi lásán ti tó, gbọ̀n ọ́n, jẹ́ kó gbẹ pátápátá kó o tó dá a padà. Tí àsìkò òjò bá dé, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó. Tí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì bá sì wà ní abẹ́ wíńdò yàrá ẹ, gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ògiri kejì, torí èéfín yẹn ní òróró nínú, tó bá lẹ̀ mọ́ bíléèdì fáànù pẹ̀lú eruku, omi lásán ò ní fọ̀ ọ́, ọṣẹ abọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ ni wàá fi fọ fílítà, bíléèdì fáànù sì rèé, aṣọ tó tutù díẹ̀ ni kó o fi nù ún lẹ́yìn tó o bá ti yọ kọ̀ǹpútà kúrò ní iná.